Ẹ̀rọ Wáífáì Àlòkù

Nígbà tí èsì ìdánwò BAC jáde, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan yege ní Bantè, inú gbogbo ilé sì dùn. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní apresmonbac.bj, ni ọmọ ti ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ní yunifásítì, ọjọ́ tí ìjọba dá kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwa ni a ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. A ra ẹ̀rọ wáífáì àlòkù kan ní Savalou ní 15.000 fráǹkì. Ẹni tí ó tà á tan án lójú wa, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, a sanwó, a wọ mọ́tò padà sí Bantè.

Iná lásán ni a rà. Nígbà tí a ki káàdì SIM ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbà dáadáa ní àdúgbò wọn bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà béèrè nọ́ńbà tí àwa kò ní. Ẹ̀gbọ́n wa wò wá, ó ní: “Àbúrò mi, ìwọ tí o mọ̀wé!” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju owó lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní Bẹ̀nẹ̀, MTN, Moov Africa àti Celtiis tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ni wọ́n ń ta káàdì SIM. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ta ẹ̀rọ ní owó pọ́ọ́kú lè tì í pa, kí ó má baà gba káàdì ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí káàdì tiyín wọ inú rẹ̀ níwájú ẹni tí ń tà á, kí fóònù yín sì ṣí ojú ìwé kan nípasẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó tú àpò. Bí ẹ bá ti rà á ná, nọ́ńbà 15 kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí a ń pè ní IMEI; òun ni ẹ ó mú lọ bá ilé-iṣẹ́ tí ó tì í. Ẹ má gbé e fún ọmọ ẹ̀bá ọ̀nà tí ń dán nọ́ńbà wò: bí àṣìṣe bá pọ̀, ó lè tì pátápátá. Fífi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pa ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹni àkọ́kọ́ rẹ́ (ó sì yẹ kí ẹ ṣe é), ṣùgbọ́n kì í ṣí ìtìpa yìí.

Àwọn ará wa tí ń bọ̀ láti Paris ńkọ́? Àpótí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó sínú ẹrù, yíyá ni ilé-iṣẹ́ sábà máa ń yá oníbàárà. Ẹrù olówó ni, ó sì ṣòro kí ó gba ilé-iṣẹ́ mìíràn níhìn-ín. Ní Jámánì, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2016, òfin gbà kí oníbàárà lo ẹ̀rọ tí ó wù ú. Ní ti Starlink, tí ó dé Bẹ̀nẹ̀ ní 2023, kí ẹni tí ń tà á kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lórúkọ ara rẹ̀.

Ọmọ náà ti forúkọ sílẹ̀. Fóònù aládùúgbò kan ni ó pín íntánẹ́ẹ̀tì fún un, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì péré. Ẹ̀rọ wa ṣì wà lórí tábìlì. Lọ́jọ́ Ẹtì ni a ó mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí Savalou.