Ẹ Gbé Pápá Tọ Àwọn Ọ̀dọ́ Lọ

Kò wọ́pọ̀ kí ọjọ́ Sátidé kan kọjá nílẹ̀ Ìjẹ̀bú láìsí òde. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já kánópì àti àga rọ́bà sílẹ̀ ní àdúgbò. Láàárín wákàtí díẹ̀, ilẹ̀ tó wà lásán lánàá ti di gbọ̀ngán ìnáwó. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì kó o lọ sí ìlú mìíràn. Kò sẹ́ni tó ní kí Ìjẹ̀bú-Igbó kọ́ gbọ̀ngán ńlá tirẹ̀, kí Àgọ́-Ìwòyè náà kọ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe ìyàwó. Ọgbọ́n yìí, tí gbogbo ayé ti gbà fún àríyá àwọn àgbà, kò tíì dé ìdí eré ìdárayá àwọn ọmọ.

Ohun kan tó yẹ kí a fi ọgbọ́n náà ṣe ni pápá skateboard alágbèéká. Skateboard ni pátákó pẹlẹbẹ tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà, tó ní táyà kéékèèké mẹ́rin nísàlẹ̀. Ọ̀dọ́ yóò dúró lé e lórí, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀ kí ó lè sáré. Pápá rẹ̀ kò ju ìdagẹ̀rẹ́ onípákó mélòó kan lọ, pẹ̀lú àpótí gbọọrọ àti ọ̀pá irin tí wọ́n ń fò gùn. Èyí tó jẹ́ alágbèéká ni wọ́n kàn ní abala-abala, tí wọ́n fi bóòtù so pọ̀. Ó ṣeé tú, ó ṣeé dì sínú ọkọ̀, ó sì ṣeé tò sórí ilẹ̀ kọnkéré èyíkéyìí tó bá tẹ́jú.

A kò lè sọ pé ìpínlẹ̀ Ògùn kì í náwó lórí eré ìdárayá. Ó gba àlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní ọdún 2006, ó sì tún gbà á ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Pápá ìṣeré ńlá wà ní Abẹ́òkúta, ó wà ní Ṣàgámù, ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń gbé ní Òkè-Sópẹ̀n tàbí ní Jàpàrá kò lè máa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọmọ Àbígí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside, tún burú ju ìyẹn lọ. Ohun tó kù fún wọn ni pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́. Ọmọkùnrin méjìlélógún ni yóò gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn yòókù á máa wòran. Àwọn ọmọbìnrin kì í sábà rí àyè rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré lásán. Ìlú ilé ẹ̀kọ́ gíga ni Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà láti ọdún 1982. Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tirẹ̀. Ìlú méjèèjì ló sì ti rí jàǹbá ẹgbẹ́ òkùnkùn láàárín àwọn ọ̀dọ́. Pátákó onítáyà kọ́ ni yóò pa ẹgbẹ́ òkùnkùn run. Ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tàn ló ń ṣe. Síbẹ̀, àwọn tó ń wá ọmọ kún ẹgbẹ́ mọ̀ pé ọmọ tí kò ní ojúbọ̀rọ́ ibi tí yóò wà ní ìrọ̀lẹ́ ló rọrùn jù láti fà lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Pápá ìṣeré ńlá pẹ̀lú, ilé ni.

Àwọn kan á ní eré òyìnbó ni. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá náà, òkè òkun ló ti wá, àwọn ọmọ wa sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo tó wáyé ní ọdún 2021 ni skateboard kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan láti Japan, Momiji Nishiya, gba wúrà níbẹ̀. Nítòsí wa, ní Accra, wọ́n ṣí Freedom Skatepark ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà. Virgil Abloh, gbajúmọ̀ aránṣọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó kú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí pápá náà tó ṣí. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Wafflesncream ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ onípátákó jọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Eré náà ti wọ ilẹ̀ wa. Ìlú ńlá nìkan ló ṣì há sí.

Ìjẹ̀bú-Igbó kò sì nílò láti ra ìdagẹ̀rẹ́ láti òkè òkun. Ìlú ìlagi ni, pákó kò jìnnà sí i. Àwọn káfíńtà tó ń kan òrùlé àti àwọn wẹ́dà tó ń jó géètì lè ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Igi gmelina tí ìjọba gbìn sínú igbó ọba Omo, tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ ilé-iṣẹ́ pépà Ìwopin, kò mú èrè tí a retí wá, nítorí ilé-iṣẹ́ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìyẹn: ohun kékeré tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju ohun ńlá tó dúró lásán lọ.

Bí ọjà ọrọọrún ṣe ń yípo ni kí pápá náà máa yípo. Kí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún oṣù kan, kí ó kọjá sí Àgọ́-Ìwòyè, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀ kọ́ àwọn ọmọdé. Ògùn Waterside gba àròjinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí táyà kékeré kì í yí lórí iyanrìn. Kí wọ́n tò ó sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngán ìlú tó ní kọnkéré. Kí abala kọ̀ọ̀kan má sì wúwo ju ohun tí ènìyàn méjì lè gbé wọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn òbí yóò béèrè nípa ìfarapa, wọ́n sì jàre. Akoto àti ìbòkúnkún gbọ́dọ̀ bá pákó rìn, pẹ̀lú olùkọ́ kan àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Òjò pẹ̀lú yóò ba pákó jẹ́ bí kò bá sí ọ̀dà, ìbòrí àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa mú bóòtù le. Owó ìtọ́jú yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí wọ́n tó yọ owó ìkọ́lé.

Ta ni yóò san án? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Kí káńsù Ìjẹ̀bú North àti ti Ògùn Waterside pawọ́ pọ̀ kan ẹyọ kan, kí wọ́n fi ọdún kan dán an wò. Bí àwọn ọmọ kò bá fẹ́ ẹ, pákó náà yóò di tábìlì àti bẹ́ǹṣì fún ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ, kí ọkọ̀ tó ń gbé kánópì fún àwọn àgbà ní Sátidé máa gbé pápá fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ajé.