Ibi Tí A Ti Bá Ọmọ
Ìwé pẹlẹbẹ fún ẹ̀yin òbí Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ìwé aládàáni kan gbé bánà kọ́ sẹ́bàá títì Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́. Wọ́n kọ "100%" sí i gàdàgbà, wọ́n wá to àwòrán àwọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti dá ọkọ̀ wa dúró, mo bá jókòó, mo ń fojú ka àwọn ọmọ náà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Obìnrin tó jókòó tì mí kò kà wọ́n ní tirẹ̀. Ó kàn mirí ni: "Bàbá, ẹ ò rí nǹkan! Ẹ wá lọ wo ti ìjọba. Ọ̀fẹ́ ló ń bí òfo." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Irọ́ ni, àmọ́ ó dùn.

Irọ́ yẹn ni ìwé yìí wá bá jà. A gbà pé bí a bá ti mọ iye ọmọ tó yege, a ti mọ bí ilé-ìwé ṣe dára tó. Látorí ìyẹn la ti wá ń sọ pé JSS ìjọba kò dára, pé àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò sì ṣeé bá rìn. Láti Alágbàká títí dé Yábà ní Oǹdó, àwọn òbí tí kò gba èyí gbọ́ kò pọ̀. Àwọn tíṣà ìjọba pàápàá gbà á gbọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ọmọ tiwọn ń lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ méjì ń sáré bọ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ọ̀kan gbéra ní Ọ̀bà-Ilé, èkejì gbéra ní Ọ̀wọ̀. Ti Ọ̀bà-Ilé kọ́kọ́ wọlé, ìlù sọ, a gbé e lé èjìká. Ti Ọ̀wọ̀ ṣì wà ní Ògbèsè, òógùn bò ó, ọ̀nà tó ti sá sì jìn ju gbogbo èyí tí ẹni àkọ́kọ́ sá lọ. Àwa tí a dúró sí Ọjà Ọba ní ọ̀lẹ ni. A kò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Ilé-ìwé aládàáni ní géètì, owó sì wà lẹ́nu géètì náà. Ìdánwò àbáwọlé tún wà lẹ́yìn owó. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ló de JSS ìjọba: gbogbo ọmọ, láti ìwé kìíní àkọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3, ló gbọ́dọ̀ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, dandan sì ni. Kò lè ṣa ọmọ bí ẹní ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ tí aládàáni dá padà ní tááàmù kìíní nítorí owó, tàbí nítorí pé orí rẹ̀ kò tètè gbé e, ọ̀dọ̀ ìjọba ló máa wà ní tááàmù kejì. Tí èsì bá dé, a yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ẹni tó lé e, a kà á mọ́ ẹni tó gbà á, a sì dá ẹni tó gbà á lẹ́bi.

Ọmọ aládàáni tó ti mọ̀wé kó tó wọlé ńkọ́, tó ń lọ sí lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́, tí bàbá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà fún? Ó wọlé pẹ̀lú 80, ó jáde pẹ̀lú 80. Kí ni ilé-ìwé fi kún un? Ìyẹn kì í sí lórí bánà.

Àwọn àgbà yóò ní, "Nígbà tiwa ńkọ́?" Mo ń gbọ́. Ondo Boys' High School ti wà láti 1919, Aquinas láti 1951, Oyemekun láti 1953, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ṣe. Àmọ́ ta ni wọ́n gbà wọlé nígbà náà? Ẹni tó yege ìdánwò àbáwọlé, tí ilé rẹ̀ sì rówó san. Ẹni tí kò rí àyè lọ sí Modern School ọlọ́dún mẹ́ta tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955. Ẹni tí kò rí ìyẹn náà gba oko lọ, tàbí ó lọ kọ́ṣẹ́. Asẹ́ ni ilé-ìwé ìgbà náà. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ asẹ́ kì í sí nínú fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́.

Ní 1979, Olóyè Adékúnlé Ajásin, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Ọ̀wọ̀ fún ọdún pípẹ́, di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀. Ó sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ilé-ìwé hù káàkiri, dé àwọn abúlé tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ní 1982, wọ́n pín girama sí méjì, JSS sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ìwé ti bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ìlẹ̀kùn ṣí, ọmọ tó wà lóko wọlé, àwa sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì rẹ̀ wé ti àwọn tí wọ́n ti sẹ́ kí wọ́n tó wọlé.

N kò wá fi ọwọ́ bo ihò àjà o. Kíláàsì kan wà tí ọmọ kún inú rẹ̀ bí ẹni wọ ọkọ̀ Ọ̀rẹ̀. Tíṣà kan wà tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ tí kò kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba jà lórí ìyẹn, kó pè mí, màá bá a gbé pátákó. "100%" ni kò jẹ́ kí ìjà yẹn wáyé, torí ó ń gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí kò rán tíṣà wá, ó ń gbé e lé ọmọ lórí.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní Oǹdó, ọmọkùnrin kan wọ JSS1 tó máa ń kiri búrẹ́dì kó tó wá sílé-ìwé. Mo ní kó ka Aláwìíyé fún mi. Ó kà á geere, kò kọsẹ̀. Ojú rẹ̀ ló fu mí lára, torí kò sí lórí ìwé. Mo gba ìwé náà, mo dorí rẹ̀ kodò, mo dá a padà fún un. Ó ń kà á lọ geere. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń gbọ́ lẹ́nu, ó ti há gbogbo ojú ìwé náà sórí. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò mọ̀. Nígbà tí èsì Junior WAEC rẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 46 ló gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Páàsì ni, kì í ṣe kírẹ́díìtì, nítorí náà kò sí lára àwọn tí wọ́n kà. Èmi tí mo dorí ìwé kodò ni mo mọ ohun tí 46 yẹn jẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí ọmọ gbà nígbà tó kúrò ní àkọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ohun tó gbà ní ọmọ ọdún 16 wé ti àwọn tó bá a dọ́gba nígbà náà lọ́hùn-ún. Kò pé, torí àwọn kan pariwo níbẹ̀ pé kò ka òṣì inú ilé sí. Síbẹ̀, ó béèrè ibi tí wọ́n ti bá ọmọ. Àwa náà ní èsì ìwé mẹ́fà lọ́wọ́, a ní ti JSS3. Kí ló dé tí a kò tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ burúkú. Ìjà wà ní ilé-ìwé ìjọba, mo ti la púpọ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í béèrè rìsíìtì owó ilé-ìwé kó tó gba ọmọ. Àwọn ibi tí òbí ti ń dáwó kí wọ́n lè kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ lọ́jọ́ WAEC ńkọ́? Ìwà wo lọmọ ń kọ́ níbẹ̀? Ohun tí èmi rí ní ilé-ìwé ìjọba lẹ́yìn àgogo ìparí ni ọmọ ẹlẹ́ja Ìsinkàn tó fi ẹfun kọ x sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ onísìmẹ́ńtì, tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́kadà àti ọmọ Ìgbò tó ń ta páàtì mọ́tò, gbogbo wọn ń fi ẹnu Àkúrẹ́ bú ara wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé-ìwé, kó lọ ní aago mọ́kànlá Ọjọ́rú kan láìsọ fẹ́nì kan. Kó wò bóyá tíṣà wà ní kíláàsì, kó ṣí ìwé ọmọ kó wo báírò pupa. Kó wá béèrè pé: àwọn mélòó ló wọ JSS1 lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó ló kù, àwọn yòókù dà?

Mo béèrè rẹ̀ ní JSS kan ní Àkúrẹ́. Igbákejì ọ̀gá ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé àtijọ́ kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Orúkọ mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. "Èyí ń kọ́ rírán aṣọ ní Arákalẹ̀, sà. Èyí ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ọ̀rẹ̀. Èyí lóyún; a ti lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní tó bá ti bímọ, òun á dá a padà." Ó fi báírò fa ìlà sábẹ́ orúkọ yẹn, ó dá ìwé náà padà. Nígbà tí mo ń jáde, mo wo géètì wọn. Kò sí bánà kankan níbẹ̀.