Àṣẹ Ọ̀gá Lọ́wọ́ Gbogbo Ènìyàn

Lóṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, figbe ta pé ìkànnì kan tó ń jẹ́ AnyVerify ń ta nọ́ńbà ìdánimọ̀ (NIN) àti nọ́ńbà báǹkì (BVN) àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà péré. Wọ́n ní 100 náírà yẹn náà làwọn fi ra ti Bosun Tijani, mínísítà tí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti ètò ọrọ̀ ajé orí ẹ̀rọ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àjọ NIMC, tó ń fúnni ní NIN, fèsì pé kò sẹ́ni tó já wọ ibi táwọn ń kó orúkọ wa pamọ́ sí, pé ọwọ́ àwọn tí kò fura ni irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ti ń gba ohun tí wọ́n ń tà. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé mínísítà fúnra rẹ̀ lọ kó NIN rẹ̀ fún wọn. Àmọ́ ká tiẹ̀ gbà pé òótọ́ ni àjọ náà sọ, pé ẹnikẹ́ni ò fọ́ ilẹ̀kùn. Èsì yẹn gan-an ló yẹ kó gba oorun lójú wa, nítorí pé lára ilẹ̀kùn ìta nìkan ni ìjọba ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá olè. Mi ò sọ pé ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ló ṣẹlẹ̀ ní NIMC. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọba, ẹni tó ti wọlé pẹ̀lú àṣẹ kékeré lè di ọ̀gá pátápátá láì jí password ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá ti fi fáìlì sílẹ̀ gbayawu.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le. Lórí Linux, tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ fún ìsọ̀rí èèyàn mẹ́ta: ẹni tó ni ín, ẹgbẹ́ tó wà fún, àti gbogbo àwọn yòókù. Àṣẹ láti kà á jẹ́ 4, láti kọ nǹkan sí i jẹ́ 2, láti mú un ṣiṣẹ́ jẹ́ 1. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di 7. Fáìlì tí wọ́n bá kọ 777 sí lára, 7 fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ti di ti gbogbo ayé. Ẹ wá wo agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ fa iṣẹ́ lé ìjọba lọ́wọ́ lọ́la, tí ẹ̀rọ ń kọ “Permission denied” sí i lójú. Ó tẹ chmod 777, ìyẹn àṣẹ tó ń kọ 777 sára fáìlì, gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́, ọ̀gá àgbà wá gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Lára àwọn fáìlì tó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ní gbogbo òru. Root, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ló ń mú un ṣiṣẹ́. Akọ̀wé kékeré kan ṣí fáìlì náà lọ́sàn-án, ó fi ìlà kan kún un, ó ti lọ sílé. Tó bá di òru, root á ka ìlà yẹn, á sì ṣe ohun tó wí. Kílẹ̀ tó mọ́, akọ̀wé ti ní agbára tí kò sẹ́ni tó fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá jà. Lóṣù keje ọdún 2021, àṣírí tú pé Microsoft, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, ti ṣe irú àṣìṣe yìí kan náà lórí Windows 10 láti ẹ̀yà 1809, tó jáde lọ́dún 2018. SAM ni wọ́n ń pe fáìlì tí Windows ń kó password tí wọ́n ti sọ di àdììtú sí, kò sì yẹ kí ẹni tí kì í ṣe alábòójútó lè kà á. Àmọ́ àṣẹ tó wà lára rẹ̀ gbà kí gbogbo ẹni tó bá ti ń lo ẹ̀rọ náà kà á, tí wọ́n bá gba inú ẹ̀dà tí Windows máa ń fi pamọ́ fúnra rẹ̀. Àtúnṣe dé lóṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n Microsoft kìlọ̀ pé ọwọ́ lèèyàn á fi pa àwọn ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó gbé àtúnṣe sórí ẹ̀rọ, tó wá lọ jókòó, kò tíì tún nǹkan kan ṣe tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Federal Secretariat, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé.

Àwọn onímọ̀ kan yóò ní mò ń pariwo lásán, pé olè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kó tó lè ṣe gbogbo èyí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni kò tíì wọlé? Àgùnbánirọ̀ tó ń lo kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó ń jókòó s'Èkó ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ tó wà ní Garki wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tẹ́nikẹ́ni ò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, wà níbẹ̀. Ẹni tó sì wà níta pátápátá, í-méèlì ẹ̀tàn kan ṣoṣo tí akọ̀wé bá tẹ̀ ti tó láti mú un wọlé. Kókó ọ̀rọ̀ ni bí ẹni tó wọlé tán ṣe lè dé ibi gíga tó.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ: pé èèyàn ló ń jalè, kì í ṣe fáìlì, kí wọ́n sáà mú ọ̀daràn. Wọn yóò rántí ọdún 2016, nígbà tí ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó lábẹ́ Kemi Adeosun kéde pé wọ́n ti yọ 23,846 orúkọ òṣìṣẹ́ tí kò sí kúrò nínú ìwé owó oṣù ìjọba àpapọ̀. Orúkọ kì í dá wọnú ìwé owó oṣù fúnra rẹ̀; ẹnì kan tó lágbára láti kọ ọ́ ló kọ ọ́. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n mú un. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe nípa ohun tí kálukú ṣe ni. Ẹni tó bá sì ti di root lè pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́, tàbí kó fi orúkọ ẹlòmíì sí i. Kí ni EFCC fẹ́ gbé lọ síwájú adájọ́ nígbà náà? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ aláìṣẹ̀ ni wọn yóò mú.

Òfin tó ń dáàbò bo data, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023, ti pọn ọ́n ní dandan pé kí ẹni tó ń tọ́jú data ṣètò ààbò tó yẹ, ó sì gbé owó ìtanràn kalẹ̀. Òfin tó dáa ni, àmọ́ lẹ́yìn tí ẹrù bá ti lọ tán ni ìtanràn ń dé. Níbi tí mo ti rò pé iṣẹ́ wà ni àjọ NITDA, ní Area 11, Garki, tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi ohun kan kún ìwé àṣẹ yẹn: pé kí agbaṣẹ́ṣe tó gba owó ìkẹyìn, kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bíi root, kó sì tẹ àṣẹ yìí lórí sáfà náà:

find / -xdev -type f -perm -0002

Gbogbo fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí lórí ìpín dísìkì yẹn yóò tò jáde; bí ìpín mìíràn bá wà, kí wọ́n tún un tẹ̀ fún ìyẹn náà. Kò gba kọ́bọ̀, kì í sì í pẹ́. Agbaṣẹ́ṣe lè ní iṣẹ́ yóò dúró bí wọ́n bá ti gbogbo rẹ̀ pa; irọ́ ni, nítorí pé èèyàn lè dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tó nílò fáìlì náà, kó sì fún ẹgbẹ́ yẹn nìkan láṣẹ. Fáìlì tí agbaṣẹ́ṣe kò bá lè ṣàlàyé ìdí tó fi ṣí sílẹ̀, kó lọ tì í, kó tó padà wá gba owó rẹ̀.