Èjìgbò: Ilé wà nílé, onílé wà l'Abidjan

Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọ ọjà Èjìgbò, nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun, lè rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Ẹni méjì jọ ń ná ọjà, Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ ni Faransé wọ̀ ọ́. Ìyá aláta ní "mẹ̀sí," oníbàárà rẹ̀ náà dá a lóhùn, kò sì sẹ́ni tó wojú ẹnì kan. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á ní fáàrí ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe fáàrí rárá o. Èdè ibi téèyàn ti ń jẹun ló máa ń wọ èèyàn lẹ́nu.

Èjìgbò kì í ṣe ìlú àná. Akínjọlé tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá ni wọ́n ní ó tẹ̀ ẹ́ dó, Ògìyán sì ni wọ́n ń pe ọba wọn títí dòní. Òrìṣà Ògìyán ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, iyán ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ má sì bá wọn fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé òrìṣà náà dé Brazil, Oxaguiã ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń ṣọdún odó fún un ní Bahia títí di ìsinsìnyí.

Pierre Verger, òyìnbó Faransé tó kọ́ Ifá nílẹ̀ Yorùbá, kọ ìtàn kan sílẹ̀ nípa ọdún Ògìyán. Ó ní ọba tó tẹ ìlú náà dó ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ babaláwo. Ọ̀rẹ́ náà rìnrìn àjò, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó béèrè ọba, orúkọ ìnagijẹ tó máa ń pè é tẹ́lẹ̀ ló sì fi béèrè rẹ̀, orúkọ tó jẹ mọ́ iyán jíjẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí ló dé tí aláìmọ̀kan yìí ń rí ọba fín. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Ni òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, obìnrin ò bímọ, ẹṣin ọba ò rí koríko jẹ. Ìgbà tí ọba wá mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ló wà lẹ́wọ̀n, ó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí ìlú pín ara wọn sí méjì lọ́dọọdún, kí wọ́n máa na ara wọn. Ibẹ̀ ni Verger ní nínà ọdún Ògìyán ti wá.

Ẹ fi ìtàn yẹn sọ́kàn: ẹni tó lọ sájò, tó padà wálé, tí ará ilé ò dá a mọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ Èjìgbò tòní fẹ́ẹ̀ jọ ọ́.

Kí Nàìjíríà tó gbòmìnira ní 1960 ni ọmọ Èjìgbò ti ń forí lé ìwọ̀ oòrùn. Àwọn mìíràn dúró sí Gánà, àwọn mìíràn kọjá sí Ivory Coast. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bi àwọn àgbàlagbà léèrè. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kó ṣọ́ọ̀bù jọ, ẹrù orí ló fi kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn dé Nàìjíríà, wọn ò ní yàrá kan tí wọ́n máa sùn.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé. Ẹni tó wà l'Abidjan rí ohun tó ṣe ará Gánà, ó ní tòun ò ní í rí bẹ́ẹ̀. Ayé sì ń dùn ní Ivory Coast nígbà yẹn. Félix Houphouët-Boigny tó ṣèjọba láti 1960 títí tó fi kú ní 1993 kò lé àlejò, kòkó ń pawó wọlé. Ní Treichville, ní Adjamé, Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó wà nídìí aṣọ, wọ́n wà nídìí oúnjẹ títà, wọ́n wà nídìí páàtì mọ́tò. Owó tí wọ́n bá rí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi ra ilẹ̀, lẹ́yìn náà búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà páànù.

Ohun tó fà á nìyẹn tí ilé ńláńlá fi wà ní Èjìgbò tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu géètì rẹ̀. Àbúrò kan tàbí ìyá àgbà kan ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń gbálẹ̀, tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń kọjá á ní owó ń dà wọ́n láàmú. Owó kọ́. Ẹ̀rù ni. Ilé yẹn ni ibi ìsásí tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ kí ìjà tó dé.

Ìjà náà sì dé lóòótọ́. Ní 1990, ìjọba Ivory Coast ní kí àjèjì máa sanwó gba káàdì ìgbélùú. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé owó sẹ́fà sí ìdajì lójú owó Faransé, ẹni tó ń tọ́jú owó sábẹ́ ìrọ̀rí jí, ìdajì ti lọ. Àwọn olóṣèlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ni ojúlówó ọmọ ilẹ̀. Ṣọ́jà gbàjọba nígbà Kérésì 1999, ogun bẹ́ ní 2002, ìbò 2010 tún dogun títí wọ inú oṣù kẹrin ọdún 2011. Gbogbo ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ń já èèyàn sí Èjìgbò, ìyá pẹ̀lú ọmọ pẹ̀lú báàgì kan. Ẹni tó ti kọ́lé ṣílẹ̀kùn wọlé. Ẹni tí kò kọ́ ń wá ẹni tí yóò gbà á sílé.

Àmọ́ nígbà tí nǹkan rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ tún padà lọ. Ibodè mẹ́rin ni wọ́n máa là kọjá, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, kí wọ́n tó wọ Ivory Coast. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 ní kí wọ́n kọjá láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rin ọ̀nà náà mọ̀ pé àwọn tó dúró sí ibodè ní àdéhùn tiwọn. Kí ló wá ń fà wọ́n padà? Owó ni. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 sí yúrò kan, kì í yẹ̀. Náírà ní tirẹ̀ já bọ́ lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹni tó ń gba sẹ́fà níbẹ̀, bó bá fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, púpọ̀ ni wọ́n ń gbà á sí.

Ibi tí bàtà ti wá ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí s'Abidjan, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òfin ibẹ̀ láti 1972 kò kà á sí ọmọ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ òbí ló ń wò. Níbẹ̀, Ànàgó ni. Bó bá dé Èjìgbò fún ọlidé, ìyá àgbà á ní, "Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?" Ọmọ á wo ojú ìyá rẹ̀ pé kí ló wí. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa pè é ní ará Abidjan.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ga jù ládùúgbò, òun ni àjèjì inú rẹ̀. Àbí kí ni kọ́kọ́rọ́ ilé fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò gbọ́ ìkíni ẹnu ọ̀nà?

Àwọn òbí kan ti rí èyí. Wọ́n ń fi ọmọ sílé fún ìyá àgbà láti kékeré kó lè gbọ́ Yorùbá, wọ́n ń mú wọn wálé lásìkò ọdún, wọ́n sì ní Yorùbá nìkan ni wọn yóò máa sọ nínú ilé l'Abidjan. Àwọn ará ilé náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ọmọ tó bá kí yín ní "bọ́ńjúù," ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́ ọ ní "ẹ káàárọ̀." Ọ̀rẹ́ ọba náà kò ṣẹ̀, orúkọ tó mọ̀ ló pè. Àwọn tí kò bi í léèrè kí wọ́n tó nà án ni wọ́n fa ọ̀dá sílùú.