Àgbàdo tó bu kì í ṣe oúnjẹ

Ẹ̀dọ̀ ni adènà ara wa. Ohun tí a bá jẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé e gbà, kí ó lè yọ májèlé inú rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n májèlé kan wà tí ń pa adènà náà fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ wá ìdí rẹ̀: ẹ̀pà tó bu ni a lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Aflatoxine ni wọ́n pe májèlé inú rẹ̀. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ènìyàn, pàápàá ẹni tí ó ní àrùn hépatite B lára.

Síbẹ̀, kí ni à ń ṣe? Àgbàdo tó dára ń lọ sí ọjà. Èyí tó bu, a fi ń ṣe ògì fún ọmọ. A ní iná yóò pa á. Iná kì í pa májèlé yìí tán.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti da oúnjẹ nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kò sí lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí á sá àgbàdo àti ẹ̀pà gbẹ dáadáa kí á tó kó wọn sí àká, kí á sì ṣà wọ́n kí á tó lọ̀ wọ́n. Èyí tó bu, kí á má ṣe dà á fún adìyẹ pàápàá: tòlótòló ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wa.