ÀWÒRÁN TÍ Ó Ń NA ÌKA SÍ NI

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tí ó ń ya pósítà ogun mọ èyí dáadáa, wọ́n sì fi í kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ sí ojú ogun.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, kò sí òfin tí ó ń fi ipá mú àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wọ iṣẹ́ ológun. Ọdún 1916 ni òfin náà dé. Àwòrán ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án 1914, Alfred Leete ya Lord Kitchener, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ogun, tí ó tẹjú mọ́ni, tí ó na ìka sí ẹni tí ó ń wò ó. Ní 1917, wọ́n fi irú rẹ̀ tí James Montgomery Flagg yà ṣe pósítà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ẹ̀dà tí ó lé ní 4,000,000.

Ẹ wo èdè wọn. Wọn kò wí pé "ẹ̀yin ará ìlú". "Ìwọ" ni wọ́n wí. Ẹni tí ó wà láàárín èrò yóò rò pé òun nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ní 1915, Savile Lumley ya ọmọbìnrin kan lórí itan bàbá rẹ̀, tí ó ń bi í léèrè ohun tí ó ṣe nígbà ogun. Ìtìjú ni pàṣán tí wọ́n fi na bàbá yẹn. Èyí tí ó burú jù ni ti H. R. Hopps ní Amẹ́ríkà, tí ó ya ará Jámánì bí ìnàkí tí ó mú kùmọ̀ dání, tí ó sì gbé obìnrin lọ. Ẹni tí a bá ti sọ di ẹranko, pípa rẹ̀ kì í wúwo lọ́kàn mọ́.

Òótọ́ ni pé gbogbo wọn kọ́ ni ó burú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi pósítà rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí ọgbà wọn kí oúnjẹ má baà wọ́n. Iṣẹ́ ni ìyẹn fi hàn wọ́n, kì í ṣe ìkórìíra. Ṣùgbọ́n ìka Kitchener kò fi ibojì han ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje 1916, ní Somme ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 19,240 ni ó kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi ọwọ́ ara wọn forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní háràfì àti lẹ́tà. Ó tọ́ kí a kọ́ wọn ní bí a ṣe ń ka àwòrán pẹ̀lú, nítorí orí fóònù ni irú pósítà bẹ́ẹ̀ ń bá wọn lónìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí àwòrán kan bá ń mú yín bínú sí ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn kan, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó yà ọ́? Kí ni o fẹ́ kí n ṣe? Kí ni o kò jẹ́ kí n rí? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.