Orin Nínú Yàrá Kékeré

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan ni mo lọ gbọ́ olórin kan tí ó ń fi gìtá kọ orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. A kò ju ogójì lọ nínú yàrá náà. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí ó bá mí, à ń gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé ohùn orin rẹ̀ kò tàsé ohùn ọ̀rọ̀: ọkọ́ kò di ọkọ̀, igbá kò di ìgbà. Ní òde àríyá, ta ni yóò ráyè gbọ́ èyí? Ìlù yóò bò ó mọ́lẹ̀, owó níná yóò gba ìyókù. (N kò bú àríyá o, ìrẹsì ibẹ̀ dùn.)

Àwọn kan nínú wa gbà pé lítíréṣọ̀ alohùn kò kọjá ìjálá, ẹ̀sà àti rárà, pé ẹni tí ó bá ti gbé gìtá ti di ará òkè òkun. N kò gbà. Ṣebí Túndé King ti ń fi gìtá-báńjò kọ jùjú l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930?

Nígbà tí olórin ní kí a gbè é, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ó kọ́kọ́ mú un. Èmi tí mo ń kọ́ nípa lílé àti ègbè nínú kíláàsì, ẹnu mi wúwo.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe irú olórin bẹ́ẹ̀ wá bá wa. Kì í ṣe sí gbọ̀ngàn ńlá. Kíláàsì wa tó.